Gìgísẹ̀ Tí Wọ́n Gé Kúrò

Òórùn ìpara gbígbóná ló jí Ṣúmékà lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yan àwọn ọmọ tó ń sáré. Ó ti tó oṣù kan àti ààbọ̀ tí òórùn náà ti ń bá wọn gbé bí àlejò tí kò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́. Ó wà lára aṣọ, ó wà lára ìrọ̀rí, kódà búrẹ́dì tí wọ́n ń jẹ ti ń ta sánsán rẹ̀ síni lẹ́nu. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń fi í pa gìgísẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ẹ̀fúùfù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé kò sí ọmọ tó lè lé e bá ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ṣúmékà kò tíì dìde. Ó ń fetí sí bí ọmọ náà ṣe ń lọ sí ilé ìwẹ̀. Ọwọ́ lára ògiri. Ìsinmi. Ọwọ́ lára ògiri. Ó gbọ́ ọ dáadáa, ó sì yí ara padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ó sì jẹ́ pé etí àti ojú tó mọ ẹsẹ̀ ni ọkùnrin yìí fi ń jẹun. Ogún ọdún ló ti fi ń tún bàtà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ilé wọn. Bí èèyàn bá gbé bàtà wá, kì í kọ́kọ́ wo ojú ẹni náà, ìdí bàtà ló máa ń dà sókè. Á wò ó fìrí, á ní, "Orúnkún ọ̀tún ń yọ yín lẹ́nu." Tàbí kó ní, "Ẹ̀yin máa ń ru ẹrù sí èjìká òsì." Ẹni tó gbé bàtà wá á pariwo, á ní ta ló sọ fún un. Ṣúmékà á rẹ́rìn-ín, á ní bàtà ló sọ fún òun.

Lórí tábìlì, búrẹ́dì wà níbẹ̀, tíì wà níbẹ̀, ẹyin bíbọ̀ kan ṣoṣo sì wà nínú àwo kékeré. Ti Ẹ̀fúùfù ni ẹyin náà láràárọ̀, nítorí eré rẹ̀. Bàbá kì í jẹ ẹyin nínú ilé náà, ìyá kì í jẹ ẹ́. Lónìí, ọmọ náà jókòó, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì kọ́ sókè lórí igi àga kí gìgísẹ̀ má baà kan ilẹ̀, kò sì fọwọ́ kan ẹyin.

"Kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. Obìnrin tó ń lọ aṣọ ní ilé alágbàfọ̀ ni, ooru áyọ́ọ̀nù sì ti kọ́ ọ láti má fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ó rìn dé ilé ìwẹ̀."

"Ògiri ló bá a rìn dé ilé ìwẹ̀. Ẹ sì gbọ́ ọ, Bàbá Ẹ̀fúùfù. Etí yín kò di."

"Gbogbo ọmọ tó bá ń sáré ni ẹsẹ̀ máa ń dùn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kóòṣì."

"Kóòṣì." Ó gbé ife tíì kalẹ̀ bí ẹni ń gbé òkúta kalẹ̀. "Ṣé Kóòṣì ló lóyún rẹ̀?"

Onídìrí tó wà ní iyàrá òdìkejì ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó na ọrùn wọlé, kóòmù há sí i lẹ́nu. "Ìyá Ẹ̀fúùfù, ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dá ọmọ dúró lọ́jọ́ oríire rẹ̀. Ọ̀lẹ ń ṣe àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Bó bá ṣáà wọ ilé ẹ̀kọ́ eléré yẹn, ọ̀fẹ́ ni oúnjẹ, ọ̀fẹ́ ni ibùsùn. Ẹran ni wọ́n á máa fún un jẹ níbẹ̀! Ẹ fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ yẹn fún un, kíá ló máa nà."

"Ẹ kọ́kọ́ yọ kóòmù lẹ́nu," ni ìyá ọmọ wí, "kí ẹ tó gbà wá nímọ̀ràn."

Onídìrí rẹ́rìn-ín, kò sì lọ.

Òtítọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ló sì dí Ṣúmékà létí. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni àwọn àgbààgbà ilé ẹ̀kọ́ eléré fẹ́ wá sí pápá wá yan ọmọ méje. Ọmọ tí wọ́n bá mú, ó bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́. Èyí tí wọn kò bá mú, ó di ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó tún wá, Ẹ̀fúùfù á sì ti dàgbà ju iye ọdún tí wọ́n ń fẹ́.

Fèrè ló kọ́kọ́ wọlé kí Kóòṣì tó wọlé. Ọkùnrin gíga ni, okùn fèrè wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán tòru, àwọn kan sì máa ń sọ pé ó ń fi í sùn. Ó jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi àga lọ̀ ọ́. Ó rí ẹyin. Ó mú un, ó gbá a mọ́ etí tábìlì, ó bó o.

"Ẹ̀fúùfù mi! Ṣé ara le?"

Ọmọ náà wo ojú bàbá rẹ̀. "Ara le, sà."

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dùn ọ́. Fò sókè kí n rí ọ."

Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì yọ lójú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín náà.

"Ẹ rí i? Kò sí nǹkan kan." Kóòṣì ju ẹyin sẹ́nu. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń sọ̀rọ̀, pupa ẹyin ń fọ́n sórí aṣọ rẹ̀. "Èmi náà sáré rí. Èékánná mẹ́ta re kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ṣé mo sunkún? Ṣúmékà, gbé bàtà rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, tún bá mi fá gìgísẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó ṣì wúwo. Èmi á mú ọmọ dé kẹ́mísì. Abẹ́rẹ́ kan báyìí ni, ẹsẹ̀ yẹn á sùn fọnfọn títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Ẹsẹ̀ tó ti sùn," ni ìyá ọmọ wí, "ni ẹ fẹ́ kó fi sáré?"

Kóòṣì kò wò ó. Ojú Ṣúmékà ló ń wò. "Bàbá ló ni ọ̀rọ̀ sísọ níbí."

Wọ́n ń retí pé kí Ṣúmékà sọ̀rọ̀. Ó wo èèpo ẹyin tó fọ́n ká orí tábìlì. Lẹ́yìn ìgbà náà ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní, "Bá Kóòṣì lọ. Èmi á gbé bàtà bá yín níbẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó nu ọwọ́, ó wọ bàtà, ó gbé báàgì. "Èmi ń lọ gba káàdì ní ilé ìwòsàn kékeré," ni ó wí lẹ́nu ọ̀nà. "Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbé e wá bá mi. Bí ẹ kò bá fẹ́, mo ti mọ ẹni tí mò ń bá gbé."

Ṣúmékà ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó fa irin tó máa ń gbé bàtà lé mọ́ra, ó pọ́n ọ̀bẹ.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun sí i. Ní oṣù méjì sẹ́yìn ni Kóòṣì kó bàtà ọmọ mẹ́sàn-án wá bá a, ó ní ẹni tó ń sáré kì í fi gìgísẹ̀ sáré, ẹrù lásán ni rọ́bà tó nípọn ní ìdí bàtà. Ṣé ọwọ́ Ṣúmékà ká a? Ọwọ́ rẹ̀ ká a. Kò sí aránbàtà mìíràn tó lè gé rọ́bà rírọ̀ ìdí bàtà kúrò kó sì fi awọ tín-ín-rín kan dí i, kí ojú iṣẹ́ má hàn. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ti ọmọ tirẹ̀ ló gé kẹ́yìn, òun ló sì fẹ́lẹ́ jù, kí ìfẹ́ bàbá lè hàn nínú rẹ̀. Ó fi bírò kọ nọ́ńbà sí gìgísẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ení dé orí ẹ̀sán, kí wọ́n má baà pààrọ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan bàtà ọmọ rẹ̀ mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni ọmọ náà máa ń bọ́ ọ sí.

Ó dà á dojú bolẹ̀ lórí irin. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Iwájú bàtà ti lu. Ihò méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan sí abẹ́ àtàǹpàkò, èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, awọ ibẹ̀ sì ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ewé. Ṣùgbọ́n ìdí bàtà mọ́ tónítóní. Oṣù méjì lórí pápá líle, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ẹ̀sán tí òun fúnra rẹ̀ fi bírò kọ ṣì wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ parẹ́.

Ká ní bàtà oníbàárà ni, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ tí ì bá fi sọ̀rọ̀. Ì bá ní, "Ẹni tó ni bàtà yìí kò lè fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ tètè mú un lọ fún ìtọ́jú." Onítọ̀hún á pariwo, òun á sì rẹ́rìn-ín.

Ó gbé bàtà kejì. Bákan náà ni.

Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, kò ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Onídìrí ké sí i lẹ́yìn pé, "Bàbá Ẹ̀fúùfù, ṣé ẹ̀yin náà ń sáré lónìí ni?" Ó ti ki bàtà méjèèjì bọ àpò, ó ń yára lọ.

Nínú kẹ́mísì, wọ́n ti da ọmọ náà dojú délẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí. Kóòṣì di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Oníkẹ́mísì, ọkùnrin kan tó ń fi ìka kan ti ìgò ojú rẹ̀ sókè, ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Ẹ̀fúùfù ti ki aṣọ bọ ẹnu, ó gé e mọ́ eyín.

"Bàtà dà?" ni Kóòṣì wí.

"Gbé ọwọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ mi."

"Kí ló dé? Ìṣẹ́jú kan ló kù."

"Mo ní gbé ọwọ́ kúrò."

Oníkẹ́mísì wo abẹ́rẹ́, ó wo Kóòṣì. "Èmi ò gbọ́ pé bàbá rẹ̀ kò fẹ́ o," ni ó wí, ó sì fi abẹ́rẹ́ náà pamọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ká ṣúgà mọ́ lọ́wọ́.

"Ṣúmékà," ni Kóòṣì wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "ronú o. Ọmọ mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń wá àyè. Bí kò bá sáré lónìí, Kíńkíní ló máa gba ipò rẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí ọmọ ẹ wá máa rán bàtà bíi tìẹ?"

Ṣúmékà bẹ̀rẹ̀, ó pọn ọmọ náà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó ń gbá bàbá rẹ̀ ní orúnkún bó ṣe ń rìn. Àwọn èèyàn dúró lójú ọ̀nà ń wò wọ́n. Ẹnì kan ní, "Ẹ wo Ẹ̀fúùfù tó ti di ẹrù!" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Bàbá," ni ọmọ náà wí sí i létí, "ẹ sọ̀ mí kalẹ̀. Mo lè sáré. Ẹ má bínú."

 Ṣúmékà gbé e ga díẹ̀ sí i lẹ́yìn, ó ń lọ.

Ní ilé ìwòsàn, ìyá ti gba káàdì. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó sún fún wọn lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì àgbà tó pè wọ́n wọlé jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó ti rí ẹsẹ̀ ọmọ púpọ̀. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka kan fún gìgísẹ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ náà fò bí ẹni tí iná jó. Ó ṣe èkejì bẹ́ẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀, kò wú, kò pupa. Ó ní kó tẹ ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ náà kò tẹ̀ dáadáa.

"Ṣé ó máa ń dùn ọ́ lójú oorun? Ṣé ara rẹ máa ń gbóná?"

"Rárá, mà. Bí mo bá sáré tán ni, àti láàárọ̀."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí àwọn òbí. "Egungun gìgísẹ̀ ọmọdé kò tíì gan. Ibì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ṣì rọ̀, ibẹ̀ ló ti ń dàgbà. Nígbà tí ọmọ bá ń ga lójijì báyìí, egungun á gùn ju iṣan lọ, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á wá le bí okùn tí wọ́n fà. Gbogbo ìgbà tó bá sáré, tó bá fò, iṣan yẹn á máa fa ibi tó rọ̀ yẹn. Bí ilẹ̀ bá tún le, tí bàtà bá tún fẹ́lẹ́, ẹ ti mọ ìyókù. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ohun tí abẹ́rẹ́ ń wò."

"Kí la máa ṣe?" ni ìyá wí.

"Kó sinmi eré àti fífò títí kò fi ní dùn ún mọ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè tó oṣù mélòó kan, ẹ má kánjú. Ẹ fi yìnyín sínú aṣọ, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fi ìpara gbígbóná yẹn sílẹ̀, mo ti ń gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Bó bá ti ń rọlẹ̀, á máa dojú kọ ògiri, á fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, á fi gìgísẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ kí ẹran ẹ̀yìn ojúgun lè nà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ipá nà án. Bó bá wú, tàbí tó bá ń dùn ún lóru, ẹ padà wá kíákíá, nǹkan mìíràn nìyẹn."

"Ṣé á tún sáré?" Ṣúmékà ló bèèrè. Ìyàwó rẹ̀ wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Á sáré. Bí egungun bá gan tán, ìrora yìí á lọ pátápátá. Àwa àgbà ni kì í jẹ́ kó tètè lọ. Bàtà wo ló ń wọ̀?"

Bàtà wà lọ́wọ́ Ṣúmékà. Nọ́ọ̀sì gbà á, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀, àtàǹpàkò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ sí òdìkejì.

"Ta ló gé èyí? Rọ́bà tó yẹ kó gbé ọmọ yìí dúró ni wọ́n gé dànù. Irú ìkà wo lèyí?"

Ìyá ọmọ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o. 

"Èmi ni," ni Ṣúmékà wí.

 Nọ́ọ̀sì gbé bàtà náà sórí tábìlì, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ẹ̀fúùfù wo bàtà náà. "Kì í ṣe ẹ̀bi Bàbá nìkan, mà. Ọ̀pọ̀ wa ni ẹ̀gún wà lẹ́sẹ̀ wa, a ò sì sọ."

"Ẹ̀gún wo?"

"Bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Bí ó bá ti ń dun ẹnì kan, á ní ẹ̀gún ti wọ òun. Kóòṣì ní ẹni tó bá sọ pé ẹsẹ̀ ń dun òun, wọn kò ní yan án. Nítorí náà a máa ń pè é ní ẹ̀gún."

"Ẹ̀yin mélòó?"

Ọmọ náà fi ìka kà á. "Márùn-ún. Mẹ́fà, bí ẹ bá ka Kíńkíní. Ó máa ń fi í pamọ́ fún àwa náà."

Ọmọ mẹ́fà ti wá orúkọ ìkọ̀kọ̀ fún ìrora wọn kí àgbà má baà gbọ́, kò sì sí àgbà kankan tó bi wọ́n léèrè.  Ṣúmékà dìde, ó bọ́ fìlà fún nọ́ọ̀sì, ó sì wí fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Mú un lọ sílé. Ẹyin méjì ni kó o sè. Ìwọ jẹ ọ̀kan."

Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù, ó kó rọ́bà rírọ̀, gọ́ọ̀mù àti ọ̀bẹ sínú àpò. Nígbà tó fi máa dé pápá, eré ti parí. Àwọn òbí ń pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbààgbà ilé ẹ̀kọ́ eléré ti ń kó ìwé wọn jọ lábẹ́ agboòrùn, ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n yàn dúró lórí ìlà. Kò sí ẹni tó fún wọn lómi.

"Ṣúmékà!" ni Kóòṣì ké. "Wá wo ẹni tó gba ipò ọmọ ẹ! Kíńkíní ló ṣíwájú gbogbo wọn. Bàtà tó o gé ló fi gbà á. Wá kí i!"

Kíńkíní dúró ní orí ìlà, ọmọ tó kéré jù láàárín wọn. Ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́. Ó fi ọwọ́ kan di èjìká ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì dúró ṣónṣó lórí ọmọ ìka bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan lórí àjà.

Ṣúmékà jókòó sílẹ̀ pẹrẹsẹ níwájú rẹ̀. "Bọ́ bàtà rẹ fún mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?" ni Kóòṣì wí.

"Mo fẹ́ dá gìgísẹ̀ rẹ̀ padà."

"Á wúwo!"

"Á wúwo," ni Ṣúmékà wí.

Ọmọ náà bọ́ ọ. Ó dà á dojú bolẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ihò méjì ní iwájú. Ní ìdí, nọ́ńbà kan wà tí òun fi bírò kọ, ó mọ́ bí ọjọ́ tí òun kọ ọ́.

"Láti ìgbà wo ni ẹ̀gún ti wọ ọ́?" ni ó bi í.

 Ojú Kóòṣì, tó dúró sẹ́yìn Ṣúmékà, ni Kíńkíní ń wò, ó ń wá ìdáhùn tó yẹ kó fún un níbẹ̀.

Ṣúmékà fi ìdí wọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ títí ara rẹ̀ fi dí ojú ọ̀nà náà, tí ọmọ kò rí ẹnikẹ́ni mọ́ bí kò ṣe òun.

"Èmi ni mò ń bi ọ́," ni ó wí. "Láti ìgbà wo?"